Benin 1897: Báwo ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 'punitive' ṣe sọ ogun di ìjìyà?

Ní oṣù Kejì ọdún 1897, nǹkan bíi 1,200 ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ ìlú Benin, tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ Edo lónìí. Wọ́n gba ìlú náà, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà inú ààfin lọ, iná sì jó ọ̀pọ̀ ilé.

"Punitive Expedition" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe ogun náà. Orúkọ yìí ló wọ inú ìwé ìtàn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà há sórí fún ìdánwò.

Àmọ́ kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an? Kí ló sì fi pamọ́?

Kí ni ìtumọ̀ 'punitive'?

Inú èdè Látìn ni "punitive" ti ṣẹ̀ wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a fi ìyà jẹ ènìyàn. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe láti fi jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ níyà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ṣì ń lò ó títí dòní fún owó tí adájọ́ bá ní kí ẹni tó jẹ̀bi san, tí kì í ṣe láti dí àdánù nìkan, àmọ́ láti fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ohun méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ẹnu kì í sọ. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnìkan ti ṣẹ̀. Ìkejì ni pé ẹni tó ń fi ìyà jẹ ẹ́ ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí ni èdè Yorùbá ti yàtọ̀. Tí Yorùbá bá ní "wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́", ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn rẹ́ ẹ jẹ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. "Punitive" ní tirẹ̀ ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ kí ogun tó dé?

Ní ọdún 1892, Gẹ̀ẹ́sì ní Ọba Ovonramwen Nogbaisi ti tọwọ́ bọ àdéhùn tó yẹ kó ṣí ọ̀nà òwò sílẹ̀ fún wọn. Àmọ́ ọwọ́ Ọba ni àkóso òwò ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà, èyí tí kò tẹ́ àwọn òyìnbó lọ́rùn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1896, James Phillips, tó ń ṣe adelé aṣojú àgbà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ẹkùn náà, kọ̀wé sí London. Ó ní kí wọ́n fún òun láṣẹ láti rọ Ọba lóyè. Ó fi kún un pé òun nírètí pé eyín erin tó wà láàfin yóò tó láti dí owó tí wọ́n bá ná.

Láì tíì rí àṣẹ náà gbà, Phillips mú ọ̀nà Benin pọ̀n. Àkókò ọdún Igue ni, Ọba sì ti ránṣẹ́ pé kó má tíì wá. Ní ọjọ́ Kẹrin oṣù Kìíní ọdún 1897, àwọn jagunjagun Benin dènà dè wọ́n. Phillips kú, òyìnbó méjì péré ló yè é, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ aláàárù ọmọ Áfíríkà tó ń ru ẹrù wọn.

Ẹ̀mí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ẹ̀ṣẹ̀ tí "punitive" ń tọ́ka sí. Àmọ́ lẹ́tà Phillips ti wà nílẹ̀ ṣáájú ikú wọn.

Ìyà ṣáájú, ẹjọ́ tẹ̀lé e

Ọ̀gágun ojú omi Harry Rawson ló kó àwọn ọmọ ogun náà wá. Ọjọ́ Kejìdínlógún oṣù Kejì ni wọ́n gba ìlú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ta lára ohun tí wọ́n kó láti fi dí owó ogun, gẹ́gẹ́ bí Phillips ṣe rò ó.

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó gbé Ọba Ovonramwen síwájú ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Wọ́n lé e lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1914. Olóyè Ologbosere, tí wọ́n ní ó ṣáájú ìkọlù náà, ni wọ́n yẹgi fún ní ọdún 1899.

Ìyẹn ni pé oṣù méje lẹ́yìn tí ìlú ti jó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí ẹni tó ṣẹ̀.

Kì í ṣe Benin nìkan. Ní oṣù Kìíní ọdún 1895, Ọba Koko ti Nembe kọlu ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ní Akassa nítorí pé wọ́n dí ọ̀nà òwò mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ kọlu Nembe.

Kí nìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì lónìí?

Tó bá jẹ́ pé ìjìyà tó tọ́ ni ogun 1897, a jẹ́ pé owó ìtanràn ni àwọn iṣẹ́ ọnà náà. Tó bá jẹ́ pé ìkógun ni, ẹrù oní-ǹkan ni, ó sì yẹ kó padà sílé.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ti ń padà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Jesus ní Cambridge dá àkùkọ idẹ kan padà: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n gbé e lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Jámánì dá díẹ̀ lára tirẹ̀ padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Netherlands sì dá 119 padà ní ọdún 2025. Àmọ́ iṣẹ́ ọnà Benin tó lé ní 900 ṣì wà ní British Museum, tí òfin ọdún 1963 kò jẹ́ kó lè ṣàdédé yọ̀ǹda ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bá "punitive" pàdé nínú ìwé lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ṣẹ̀? Ta ló dá ẹjọ́? Ta ló jẹ èrè rẹ̀? Ní ti Benin, ẹni kan náà ló fẹ̀sùn kàn, tó dájọ́, tó fìyà jẹni, tó sì kó ẹrù lọ.

Àwọn àgbà Yorùbá ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹjọ́ ẹnìkan ni ìwé ìtàn gbọ́ nípa Benin.