Ta Ló Máa Sanwó Ọ̀fẹ́? Ìlérí Àwọn Olóṣèlú àti Àwa Ará Kòsọ́fẹ́, láti 1954 títí di òní

Ọ̀rọ̀ ìdìbò 2027 ti gbalẹ̀. Pósítà ń bọ̀ wá bo ògiri láti Ọ̀jọ́ta dé Mile 12, ìrẹsì ń bọ̀, fìlà àti ańkárá ń bọ̀, ìlérí náà sì ń bọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ni tiwa, a kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, a kì í sì í sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ ibi tó máa tẹ̀ka sí. Àmọ́ ó yẹ ká mọ bí àwọn bàbá àti ìyá wa ṣe fi ètò ẹgbẹ́ kan wé òmíràn láyé tiwọn, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde.

Àwọn kan máa ń fi orúkọ àdúgbò wa ṣeré pé "kò sọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀." Eré ni, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ohunkóhun tí olóṣèlú bá pè ní ọ̀fẹ́, ẹnì kan ló máa sanwó ẹ̀. Ìbéèrè tó ti ń bá wa bọ̀ látọdún 1954 nìyẹn.

Ṣílè mẹ́wàá àti sísì

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa lè má mọ̀ pé Kétu àti Ìkòsì kò sí lábẹ́ Èkó nígbà yẹn. Òfin ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954 yọ ìlú Èkó kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ó sọ ọ́ di olú-ìlú ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n Ìkẹjà Division, tí ilẹ̀ tiwa wà nínú rẹ̀, kò bá a lọ. Ìbàdàn la ń wò títí di 27 May 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nítorí náà, ìjà tí Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, àti NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, jọ ń jà nígbà náà, ìjà ilé wa ni.

Ní July 1952, S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá kan lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn: tó bá di January 1955, kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan owó. Ìlérí tó ṣeé wọ̀n ni. Ó ní ọjọ́, ó ní irú ọmọ tó kàn, ó sì ní ìjọba tó máa ṣe é.

Ṣùgbọ́n níbo lowó ti máa wá? Ìjọba Awólọ́wọ̀ kò fi bò. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń san owó orí san ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé e, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Háà! Ṣé ẹ mọ ohun tí ṣílè mẹ́wàá jẹ́ fún àgbẹ̀ nígbà yẹn? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè pé kí ló kan òun. Ẹni tí kò bímọ rárá náà ń béèrè. NCNC rí ọ̀nà, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ owó yìí káàkiri. Nígbà tí wọ́n dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ìparí 1954, NCNC mú ìjókòó 23 nínú 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní Ìbàdàn fìdí rẹmi nínú ilé ara rẹ̀ nítorí pé ó sọ iye tí ọ̀fẹ́ máa náni.

Ẹ má rò pé NCNC kò fẹ́ kí ọmọ kàwé o. Wọ́n fẹ́ ẹ. Owó yẹn ni wọn ò fẹ́. Àwọn ló sì ń ṣèjọba ní Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tiwọn ní 1957. Owó kò ká a. Nígbà tó fi máa di 1958, wọ́n ti dá owó ilé ẹ̀kọ́ padà fún ọ̀pọ̀ kíláàsì, àwọn obìnrin sì tú jáde sí ojú títì láti fi ẹ̀hónú hàn.

Ní tiwa, ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 17 January 1955. Ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ bíi 457,000 ní 1954. Ní 1955, ó di 811,432. Ohun kan náà tí wọ́n ń bú ní 1954 ni wọ́n ń fojú rí báyìí. Ní ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti 26 May 1956, Action Group mú 48 nínú ìjókòó 80, NCNC mú 32. Ìlú Èkó gan-an, tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí di 1957. Ìyẹn ni pé ọmọ Kétu ti ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí bàbá ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì ń sanwó.

Ṣé gbogbo rẹ̀ wá dára tán? Rárá. Ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó sí kíláàsì kò kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ní ìparí 1960, ìjọba fúnra rẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ Banjo kalẹ̀ láti wádìí bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ sílẹ̀. Ìlérí náà ṣẹ ní iye ọmọ, ṣùgbọ́n ó mẹ́hẹ ní ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ìlérí, kó wọn ìhà méjèèjì.

Ilé àti àgbàdo, àbí ohun mẹ́rin?

Nígbà tí àwọn ológun gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òṣèlú ní September 1978, a ti di ará Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹgbẹ́ márùn-ún ni ìjọba fọwọ́ sí: UPN, NPN, NPP, GNPP àti PRP.

UPN Awólọ́wọ̀ ka ètò mẹ́rin lórí ìka: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ọmọdé tí kò lè dìbò lè kà á fún ọ. NPN Ṣàgàrí náà ní tirẹ̀, àmì ẹgbẹ́ wọn gan-an sì sọ ọ́: ilé àti àgbàdo. Oúnjẹ àti ibùgbé ló ṣáájú lójú wọn. Lórí ẹ̀kọ́, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀fẹ́ ló ṣe pàtàkì bí kò ṣe ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀. Ẹ ò rí i pé àríyànjiyàn gidi nìyẹn? Èyí tí ìgbìmọ̀ Banjo ti fà yọ ló tún padà wá.

Àwọn ará Èkó gbé UPN wọlé, Alhaji Lateef Jákàńdè sì di gómìnà ní 1 October 1979. Nígbà yẹn, ọmọ pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ Èkó débi pé wọ́n ń pín wọn sọ́nà méjì, àwọn kan ní àárọ̀, àwọn kan ní ọ̀sán. Jákàńdè fòpin sí i. Ó kọ́ kíláàsì lọ́pọ̀ yanturu, ní kíákíá, pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Àwọn alátakò rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín pé ilé adìyẹ ló kọ́. Lóòótọ́, ilé náà kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ṣòwò lọ́jà láti àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ọmọ rẹ̀ kì í dé ilé ẹ̀kọ́ títí oòrùn á fi yí, mọ ohun tí ilé adìyẹ yẹn ṣe fún òun.

Àmọ́ ìlérí míì kò já síbi tó dáa. Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin Metroline. Àwọn ológun gbàjọba ní 31 December 1983. Ní 1985, ìjọba Bùhárí fagi lé iṣẹ́ náà, owó tó sì wọlé sí i lọ gbé. September 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní Èkó. Ìlérí tí ìpínlẹ̀ ṣe, ìjọba tó wà lókè rẹ̀ lè pa á.

Ìjọba ìbílẹ̀ tiwa

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù nìyí. Jákàńdè ló dá ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ sílẹ̀ ní 1980. Ológun dé, wọ́n wọ́gi lé e pẹ̀lú àwọn tuntun yòókù, ó sì tó ìgbà kan kí ìjọba ológun tó tún dá a padà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2006, àjọ onímọ̀ ètò ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ ní a lé ní 600,000 ní Kòsọ́fẹ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó ní a lé ní 900,000. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe eré, torí orí iye ènìyàn ni wọ́n ń wò pín owó.

Ní 2003, ìjọba Tinúbú sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 ní Èkó di 57. Kòsọ́fẹ́ di mẹ́ta: Kòsọ́fẹ́, Agbóyì-Kétu, àti Ìkòsì-Ìṣẹ́rì. Ààrẹ Ọbásanjọ́ di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú ní 2004. Èkó gbé e lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìdájọ́ sì jáde ní December 2004: ààrẹ kò lágbára láti di owó náà mú, ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fi orúkọ wọn sínú òfin. Ìgbà Yar'Adua ní 2007 ni owó náà tó jáde. Títí di òní, Agbóyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹ́rì ṣì jẹ́ LCDA, inú owó Kòsọ́fẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jẹ.

Ẹ wá wò ó. Tí ẹni tó fẹ́ di gómìnà bá ní òun máa sọ Agbóyì-Kétu di ìjọba ìbílẹ̀ pátápátá, òun nìkan kò lè ṣe é. Abuja lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ lọ ṣojú wa ní Abuja ló yẹ ká bi léèrè jù, àwọn yẹn sì ni a kì í bi.

Omi Ọ̀yán

Ẹ̀yin ará Agílítí, Agbóyì, Àjẹgúnlẹ̀ àti Owódé Onírin mọ ọ̀rọ̀ omi ju ẹni tó ń kọ èyí lọ. Ní October 2010, omi odò Ògùn lé àìmọye ènìyàn jáde nílé. Òjò nìkan kọ́. Ìdídò Ọ̀yán wà lókè lọ́hùn-ún ní Ìpínlẹ̀ Ògùn; Ààrẹ Ṣàgàrí ló ṣí i ní 1983. Tí omi bá kún un, wọ́n á tú u sílẹ̀, odò Ògùn á sì gbé e wá bá wa. Àjọ tó ń bójú tó o, Ogun-Osun River Basin, ti ìjọba àpapọ̀ ni.

Nítorí náà, tí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá ṣèlérí pé omi kò ní wọlé mọ́, ìbéèrè wà fún un. Gọ́tà àdúgbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, fi ọjà, gáráàjì ọkọ̀, pàǹtírí, gọ́tà àti ọ̀nà àdúgbò sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdídò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá bíi BRT, tó bẹ̀rẹ̀ ní March 2008 láti Mile 12 dé CMS, ìpínlẹ̀ ló ní i. Kí kálukú ṣèlérí ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Báwo la ṣe máa fi wọ́n wéra?

Ìtàn yìí fi ìbéèrè mẹ́ta lé wa lọ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá sí ìpàdé wa:

1. Kí ni ẹ máa ṣe gan-an, níbo, ìgbà wo? "A máa tún Kétu ṣe" kì í ṣe ètò. Àdúgbò wo, gọ́tà wo, ọdún wo?
2. Ṣé ipò tí ẹ ń wá lágbára lórí ẹ̀? Bí kò bá ní, ta lẹ máa bá ṣe é?
3. Owó ta ni? Ẹni tó bá dáhùn èyí bí wọ́n ṣe dáhùn ní 1954, kódà tí ìdáhùn náà bá dùn wá, ó yẹ ká tẹ́tí sí i. Ẹni tó ní kò ní ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ rántí Ìlà-Oòrùn ní 1958.

Ẹ rántí pé ìdìbò méjì ló wà. INEC ló ń ṣe ti ààrẹ, gómìnà, sẹ́nétọ̀ Ìlà-Oòrùn Èkó, aṣojú Kòsọ́fẹ́ ní Abuja, àti ìjókòó méjì tiwa nílé aṣòfin Èkó. LASIEC ló ń ṣe ti alága àti kánsẹ́lọ̀. 12 July 2025 ni wọ́n ṣe é gbẹ̀yìn. Ìbéèrè omi Ọ̀yán àti LCDA, ti Abuja ni. Ìbéèrè gọ́tà àti ìdọ̀tí ọjà Mile 12, àwọn alága tó wà nípò báyìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi, ẹ má dúró de 2027.

Kí ẹ̀ka àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó di pé àwọn olùdíje dé. Tí wọ́n bá dáhùn, ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé, orúkọ, ipò tí wọ́n ń wá àti ọjọ́, kẹ́ ẹ sì fi pa mọ́ sọ́dọ̀ akọ̀wé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, tí wọ́n bá tún padà wá, a ó ṣí ìwé náà níwájú wọn.