Ọ̀ta Ayò: Akọni Tí Ìwé Kò Mọ̀

Ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù, bí i ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó mọ ayò ta ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ là ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí wọ́n ń nà ni ọ̀pẹ̀. Ẹni tó bá bá wọn nídìí ọpọ́n lábẹ́ igi yóò kí àwọn méjèèjì pọ̀ pé, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀." Ọ̀ta nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́; ọ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn. Oyè gidi ni, àmọ́ kò ní ìwúyè, kò ní owó oṣù, ẹlòmíràn sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni kí oòrùn tó wọ̀.

Ihò méjìlá ló wà lára ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò kan nílé ara rẹ̀, yóò sì máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yípo. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tó sọ iye ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, ó pọn dandan kí o ta èyí tí yóò fún un lọ́mọ. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an, torí kò gba ọ̀ta láàyè láti fi ebi pa ọ̀pẹ̀. Odù ló ń fi ọ̀ta hàn: ihò kan tó rọra kó ọmọ jọ sí títí yóò fi tó èyí tí yóò yí ọpọ́n po, tí yóò sì jẹ ihò bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń kó odù jọ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí.

Ní ìhà Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ọ̀ta ń fi eré jẹun. Go ni wọ́n ń ta níbẹ̀: ìlà 19 níbùú, 19 lóròó, oríta 361, òkúta dúdú àti funfun. Ọdún 1612 ni ìjọba Tokugawa ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọ̀gá Go ní owó ìtọ́jú, ìdílé Honinbo sì wà lára wọn. Wọ́n ń kọ ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan bọ́ sí sílẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn sì ń kọ́ ọgbọ́n lára eré tí ọ̀gá tó ti kú ta.

Inú irú ètò yìí ni Lee Sedol ti jáde. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1983 ni wọ́n bí i ní Bigeumdo, erékùṣù kan ní Kòríà Gúúsù, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní Go. Ọmọ ọdún 12 péré ni ní 1995 nígbà tó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe. Ife-ẹ̀yẹ 18 ló gbà níbi ìdíje àárín orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ní Seoul, ó jókòó ti AlphaGo, ètò kọ̀ǹpútà tí DeepMind, ilé-iṣẹ́ abẹ́ Google, ṣe. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n fẹ́ ta á, mílíọ̀nù kan dọ́là sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá borí.

Ẹ̀rọ nà án lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra. Nínú ẹlẹ́ẹ̀kejì, òkúta 37 tí ẹ̀rọ náà ní kí wọ́n gbé sílẹ̀ ṣàjèjì débi pé àwọn ọ̀gá tó ń wò rò pé ó ṣèèṣì ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, Lee fèsì. Òkúta 78 tó fi sí àárín ọpọ́n da AlphaGo rú pátápátá, ẹ̀rọ náà sì túúbá. Ẹyọ kan yẹn ló jẹ nínú márùn-ún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní bí òun tilẹ̀ di ẹni àkọ́kọ́ láyé, ohun kan ti wà tí èèyàn kò lè borí mọ́. Ó dùn mí fún un. Síbẹ̀, ẹni tí kò dé Seoul rí lè to òkúta 78 yẹn sójú ọpọ́n lónìí, kó sì rí ohun tí ojú Lee rí.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn agbègbè Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù kò kéré. A mọ ọjọ́ tí ogun Jálumi jà ní Ìkìrun: ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878. Ayò kan ṣoṣo tí wọ́n ta ní Ìkìrun lọ́dún yẹn, ta ló lè tún un tò?

Oríkì ni Òkukù fi ń tọ́jú àwọn èèyàn ńlá. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tẹ ìwé I Could Speak Until Tomorrow jáde ní 1991 lórí oríkì tí àwọn obìnrin ìlú náà ń kì, títí kan ti àwọn ọba bí Olókukù Oyinlọlá, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1934 sí 1960. Ó fi hàn pé oríkì kì í to ìtàn lẹ́sẹẹsẹ. Ìwà àti ìṣe tó mú èèyàn yàtọ̀ ló ń gbá mú. Nítorí náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ ki ọ̀ta ayò títí ilẹ̀ fi mọ́, a ó gbọ́ irú èèyàn tó jẹ́, àmọ́ a kò ní mọ ihò tó ti kó ọmọ.

Eré náà fúnra rẹ̀ rìn jìnnà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé e dé Antigua, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní warri. Trevor Simon, ọmọ Antigua, gba oyè rẹ̀ léraléra níbi Mind Sports Olympiad, ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1997. Nílé, ayò wà lára eré ìbílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń dù níbi Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Kọ̀ǹpútà sì ti dé ìdí ayò ṣáájú Go. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam gbé awari, tí òfin rẹ̀ sún mọ́ èyí tí mo sọ lókè, fún kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 144. Ẹ̀rọ náà yẹ gbogbo ìrísí tí ọpọ́n lè ní wò, 889,063,398,406. Ó fi hàn pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣèèṣì rárá, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Èmi kò rò pé ìyẹn dín iyì ọ̀ta kù. Kò sí ẹni tó lè há bílíọ̀nù 889 sórí. Ọ̀nà tí ọ̀ta gbà ń mọ ibi tí yóò ta láìmọ gbogbo rẹ̀ ni ìmọ̀ tó yẹ ká fi pamọ́.

Ọ̀nà àtikọ ọ́ wà. Àwọn tó ń ta oware, tí òun náà jẹ́ irú ayò kan, níbi ìdíje ń lo lẹ́tà ńlá, A dé F, fún ihò mẹ́fà ẹnì kan, àti lẹ́tà kékeré, a dé f, fún ti ẹnìkejì. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ ihò tí ẹni tó kàn ti kó ọmọ. Ọmọ ilé-ìwé ní Ìníṣà tó bá jókòó ti bàbá rẹ̀ àgbà pẹ̀lú bírò lè kọ odidi ayò kan, látìgbà tí ihò kọ̀ọ̀kan ti ní mẹ́rin títí wọn yóò fi mọ ọ̀ta, sínú ìlà díẹ̀ nínú ìwé àjákọ rẹ̀.