Irin Ààbò Ara Máṣíìnì ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Irin ààbò tí àwọn ọlọ́kadà ń pè ní gáàdì jẹ́ páìpù tí wọ́n tẹ̀ bí ìwo àgbò, tí wọ́n dè mọ́ irin iwájú máṣíìnì, tó sì yọ síta lọ́tùn-ún àti lósì ẹ́ńjìnnì. Bí máṣíìnì bá dà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀. Àyè díẹ̀ a wá ṣẹ́ kù láàrin ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀, àyè yẹn sì ni ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún ń rí fara pamọ́ sí. Ìtàn bó ṣe dé Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n kò ṣe é yà kúrò lára ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi máṣíìnì ṣe. Nígbà tí máṣíìnì jẹ́ ohun ẹ̀yẹ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀dà ni irin náà ń ṣọ́. Ìgbà tó di ohun ìkẹ́rù àgbẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹsẹ̀.

Kí máṣíìnì tó dé, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹni tí owó kòkó bá wọlé fún ń rà. Kẹ̀kẹ́ dára ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òkè lórí òkè ni ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ a sì máa tì í ju bó ṣe ń gùn ún lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé sì di púpọ̀ ní abúlé. Olùkọ́, wolé-wolé, àwọn tó ń yẹ kòkó wò, àti pásítọ̀ tí ìjọ mẹ́rin-márùn-ún wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló ń wá ohun tó yá ju kẹ̀kẹ́ lọ, tí kò sì wọ́n tó mọ́tò. Ibẹ̀ ni Vespa gbà wọlé.

Ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Pontedera, ní Ítálì, ló gbé Vespa jáde ní 1946. Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú tí kò fẹ́ràn alùpùpù rárá, nítorí ìdọ̀tí àti ìnira rẹ̀. Ó fi páànù irin bo iwájú kí ẹrẹ̀ má baà ta sí sòkòtò, ó gbé ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún táyà ẹ̀yìn, ó sì fi ìdérí róbótó bò ó. Lambretta tẹ̀lé e láti Milan ní 1947. Olùkọ́ tó wọ aṣọ funfun jáde nílé mọyì páànù iwájú yẹn. Ìdérí ẹ̀gbẹ́ ló ní wàhálà: ó yọ síta ju ìyókù ara lọ, bí Vespa bá sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, ìdérí ti tẹ̀, ọ̀dà ti bó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ irin ààbò Vespa fi jẹ́ irin dídán tí wọ́n fi yí ìdérí náà ká. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Mods sọ ọ́ di fáàrí ní nǹkan bí 1964, wọ́n ń to díńgí àti iná jọ síwájú máṣíìnì kan ṣoṣo bíi ti àjọ̀dún. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó Vespa nínú owó oṣù rẹ̀ kò ní ti fáàrí bẹ́ẹ̀ rò. Bí ọ̀dà rẹ̀ kò ṣe ní í bó ló jẹ ẹ́ lógún. Táyà Vespa kéré pẹ̀lú, íǹṣì 8 tàbí 10 ni, kòtò ọ̀nà oko sì lè gbé e mì.

Honda Super Cub tó jáde ní Japan ní 1958 ló yanjú ọ̀rọ̀ táyà. Táyà tirẹ̀ tó íǹṣì 17, kì í mu epo púpọ̀, ó sì ń fara da ìyà. Nígbà tí ìjọba Gowon fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975, lẹ́yìn àbá ìgbìmọ̀ Udoji, máṣíìnì wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ná owó náà lé. Nígbà tó fi máa di 1981, Honda ti ń to máṣíìnì ní Ọ̀tà.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí ṣẹlẹ̀ láàrin àkókò yìí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Japan àti Íńdíà, tí ọ̀pọ̀ máṣíìnì ti ń wá, kò kúrò ní apá òsì títí dòní. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì wọn, ọ̀tún ni sáìlẹ́ńsà wà, ó jìnnà sí ẹni tó dúró létí ọ̀nà tiwọn. Ní Èkìtì, ọ̀tún gan-an ni etí ọ̀nà. Ibẹ̀ ni èrò ń gbà gun máṣíìnì, tí ojúgun rẹ̀ á sì kan irin gbígbóná; ojú àpá kò ṣọ̀wọ́n lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń gun ọ̀kadà. Nǹkan kan náà ló ṣe irin tó ń bo táyà ẹ̀yìn. Òfin mọ́tò Íńdíà ti 1989 pàṣẹ pé kí ohun kan bo ó kéré tán ìdajì táyà ẹ̀yìn kí aṣọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn má baà kó sínú rẹ̀. Òsì ni irin yìí máa ń wà, torí òsì ni àwọn obìnrin tó wọ sárì ń kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí. Obìnrin Èkìtì ní tirẹ̀ ń ya ẹsẹ̀ gùn ún, èyí tó fi jẹ́ pé máṣíìnì tó gbé irin náà dání láti Íńdíà kò ní ohun tó ń gba ìró lọ́wọ́ táyà lápá ọ̀tún. Irin tí àwọn wẹ́dà jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ sáìlẹ́ńsà àti sí ọ̀tún táyà jẹ́ àtúnṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè kò rò mọ́ wọn.

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 mú kí mọ́tò di ọ̀wọ́n, máṣíìnì tó ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ìwé sì wá di èyí tó ń gbé èrò. Ní apá ibí yìí, kì í ṣe èrò nìkan. Kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, pákó àti kẹ́ẹ̀gì epo ló ń ti oko jáde lórí rẹ̀. Àpò kòkó kan ju kìlógíráàmù 60 lọ. Máṣíìnì fúnra rẹ̀ kò ju 100 àti díẹ̀ lọ. Bí àpò bá wà lẹ́yìn, iwájú a fúyẹ́, ọwọ́ a sì máa gbọ̀n. Lásìkò òjò, tí táyà bá yọ̀ lórí amọ̀, máṣíìnì kì í fò. Ńṣe ló ń rọra dùbúlẹ̀, tòun ti ẹrù, lórí ẹsẹ̀ ẹni tó ń tù ú. Ìṣubú oko nìyẹn, kò séré, kò sí ìkọlù, irú ìṣubú tí gáàdì mọ̀ ọ́n bójú tó jù lọ sì ni. Àwọn àgbẹ̀ tún rí iṣẹ́ mìíràn fún un: wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì kọ́ ọ, wọ́n sì ń na ẹsẹ̀ lé e bí ọ̀nà bá jìn.

Wẹ́dà ló ń ṣe é, nílẹ̀ tí iṣẹ́ irin ti wà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tipẹ́. Páìpù omi ni wọ́n sábà máa ń lò. Kí ó má baà ṣẹ́ tàbí tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, wọ́n á da iyanrìn kún inú rẹ̀, wọ́n á dí ẹnu méjèèjì, wọ́n á fi iná sí ojú ibi tí yóò tẹ̀ títí yóò fi pọ́n, wọ́n á sì rọra fà á. Iyanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ooru rẹ̀ lè tú èdídí dànù sí èèyàn lójú. Páìpù tí wọ́n fi síńkì bò ní ewu tirẹ̀: èéfín funfun tó ń yọ nígbà tí wọ́n bá ń jó o máa ń fa ibà àti ara ríro lálẹ́, ẹni tó bá gbọ́n a kọ́kọ́ ha síńkì náà kúrò. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń jó irin ààbò mọ́ ara máṣíìnì tààrà. Kò dára. Iná a máa mú kí irin tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró rọ̀, bí gáàdì bá sì forí gbá nǹkan, irin máṣíìnì ló máa ń tẹ̀. Kílíǹpù àti nọ́ọ̀tì ló rọ́pò rẹ̀, èyí sì ni ìlọsíwájú tó tóbi jù nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò hàn lójú.

Kò yẹ kí a fi agbára tí kò ní kún agbára rẹ̀. Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California yẹ ìjàǹbá alùpùpù 900 wò ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1981. Wọ́n rí i pé irin ààbò dín ìpalára ọrùn ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ kù, àmọ́ ìpalára itan, orúnkún àti ojúgun pọ̀ sí i, èyí tó fi jẹ́ pé èrè kò sí. Ìjàǹbá ojú títì ni wọ́n ń sọ. Lójú títì Adó sí Arámọ̀kọ, tí eré ti ń sá, àbájáde wọn ṣe é gbà gbọ́; lójú ọ̀nà oko, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Bajaj Boxer àti àwọn máṣíìnì Ṣáínà tó gbòde láti nǹkan bí 2000 dín iṣẹ́ wẹ́dà kù, torí púpọ̀ nínú wọn ti gbé gáàdì dání. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà náà kò nílò iná mọ́, sípánà méjì tó láti so ó nílé. Ẹ̀yà tuntun tó jọ Vespa, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ló gba sùúrù: rọ́bà ló bo ara rẹ̀, rọ́bà kò sì lè gbé irin ààbò dúró. Ó di dandan kí wọ́n tú rọ́bà ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó rí ojú irin gidi tí kílíǹpù yóò dì mú. Gbogbo nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí títí gbogbo wọn á fi mú, kí wọ́n tó fún ọ̀kankan le. Bí wọ́n bá fún ọ̀kan le ṣáájú, ihò yòókù kì í bára mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí ọwọ́ máṣíìnì dé òpin lápá méjèèjì, wọ́n á tẹ bíréèkì, wọ́n á fẹsẹ̀ ta máṣíìnì kó tanná, láti mọ̀ bóyá irin ń dí ohunkóhun lọ́wọ́. Wọ́n á wá rọra tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n rí i dájú pé gáàdì ló ṣáájú ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kan ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, sípánà tún ń padà sí orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, torí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á ti tú díẹ̀ nínú wọn.