Awakọ̀ àti Kọ̀ńdọ́kítọ̀: Bí Ayé Ṣe Rí Ẹ̀rí Pé Eré Ìdárayá Ń Dá Ẹ̀mí Sí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ara líle loògùn ọrọ̀. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà ‘ìdárayá’ palẹ̀, a ó bá ‘ara’ àti ‘yá’ nínú rẹ̀. ‘Yá’ yìí kan náà ni aláìsàn ń lò nígbà tí ó bá dìde lórí ibùsùn tí ó ní, ‘Ara mi ti yá.’ Èdè wa ti so mímú ara ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìlera tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo mọ̀ pé orúkọ tí a fún nǹkan kò tíì di ẹ̀rí. Ẹni tí ó wá ẹ̀rí náà lọ, inú bọ́ọ̀sì ni ó ti rí i.

Dókítà Jeremy Morris, tí a bí ní ọdún 1910, ni ẹni náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àrùn ọkàn ń pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní Bìrìtéènì láìtọ́jọ́, ohun tí ó fà á kò sì yé ẹnikẹ́ni dáadáa. Morris fura pé irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbájú mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú Lọ́ńdọ́nù, nǹkan bí ọkùnrin 31,000 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 35 sí 64.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ohun tí wọ́n yàn. Ọkùnrin méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń sìn, òtútù àti èéfín kan náà ni wọ́n ń fà símú. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń jókòó fún nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 àkókò iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn láti gba owó kí ó sì já tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ ìpele 500 sí 750 lójúmọ́.

Èsì náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 1953. Nínú ẹgbẹ̀rún awakọ̀, àrùn ọkàn ń mú ènìyàn 2.7 lọ́dún, láàárín àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀, 1.9 ni. Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ó sì ṣe, ó máa ń pẹ́ kí ó tó ṣe wọ́n, ikú òjijì láàárín wọn kò sì tó ti àwọn awakọ̀.

Àwọn kan jiyàn. Wọ́n ní bóyá àwọn tí ó ti sanra tẹ́lẹ̀ ni ó ń yan iṣẹ́ awakọ̀. Morris kò fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ó lọ yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ wọn wò, ní ọdún 1956 ó sì sọ ọ́ di mímọ̀ pé ìbàdí àwọn awakọ̀ tóbi ju ti ẹnìkejì wọn lọ lóòótọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi àwọn tí ìbàdí wọn dọ́gba wé ara wọn, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣì ni ó sàn jù. Bákan náà ni ó rí ní ilé ìfìwéránṣẹ́: àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà sàn ju àwọn tí ń jókòó ti tábìlì tàbí tẹlifóònù.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rí ti ń gun orí ara wọn. A ti mọ̀ báyìí pé eré ìdárayá ń dín ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àwọn oríṣi jẹjẹrẹ kan kù, ó sì ń mú ìrònú fúyẹ́ lọ́kàn ẹni. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe é lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú 30 rìn kánmọ́kánmọ́ ní ọjọ́ márùn-ún ti bá wọn dé ibẹ̀.

Ohun tí ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù nínú ìtàn yìí ni pé kọ̀ńdọ́kítọ̀ kì í ṣe eléré. Kò wọ bàtà ìsáré, kò sì mọ̀ pé òun ń gba ara òun là. Iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe é fún un, gẹ́gẹ́ bí ìrìn oko àti odó gígún ti ṣe é fún àwọn baba àti ìyá wa. Lónìí, iṣẹ́ orí àga ni à ń gbàdúrà fún. Ẹni tí ó jókòó ni ọ̀gá. Ẹni tí ń sáré kiri ni ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá a tẹ aago, mẹ́séńjà a gbé fáìlì gun àtẹ̀gùn. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ọkàn rẹ̀ ń jèrè?

Èmi tí mo ń kọ èyí ti lé ní ogójì ọdún. Mo wà láàárín àwọn tí Morris kà. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbé fáìlì mi fúnra mi, bí àwọn kan tilẹ̀ ń wò ó bí àbùkù fún olùkọ́ yunifásítì. Morris fúnra rẹ̀ kò fi eré ìdárayá ṣeré títí ó fi darúgbó. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 2009.

Bí iṣẹ́ wa kò bá fún wa ní àtẹ̀gùn mọ́, ẹ jẹ́ kí á wá a lọ. Ara gbogbo wa á le o.