Aró Kò Mú Un, Ṣé Ó Ti Kú Ni? Ẹ̀rí Máíkírósíkópù Lórí Sẹ́ẹ̀lì Béta àti Àtọ̀gbẹ Oríṣi Kejì

Akẹgbẹ́ wa kan kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé máíkírósíkópù ti dá ẹjọ́ àtọ̀gbẹ oríṣi kejì: àwọn sẹ́ẹ̀lì béta ti kú, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò bi òun léèrè. Èmi ní ìbéèrè. Ohun tí àtọ̀gbẹ jẹ́ àti iṣẹ́ tí ínsúlínì ń ṣe kò ṣàjèjì sí òǹkàwé ìwé yìí, n kò ní tún un rò.

Ọmọ ọdún 21 ni Paul Langerhans ní Berlin nígbà tó ṣàpèjúwe àwọn ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó fọ́n káàkiri inú páńkíríàsì nínú ìwé oyè rẹ̀ ní 1869. Kò mọ iṣẹ́ wọn, kò sì purọ́ pé òun mọ̀ ọ́n. Ní 1889, Minkowski àti von Mering yọ páńkíríàsì ajá ní Strasbourg, àtọ̀gbẹ sì mú un. Laguesse ló sọ àwọn ìṣùpọ̀ náà ní erékùṣù Langerhans ní 1893. Nígbà tó di 1901, Opie rí i ní Baltimore pé erékùṣù àwọn alátọ̀gbẹ kan ti bàjẹ́.

Èyí tó kàn wá jù ni iṣẹ́ Lane ní 1907. Ó ṣàkíyèsí pé oògùn tí a fi ń pa ẹran ara mọ́ kó má baà jẹrà lè yọ́ kóró inú sẹ́ẹ̀lì kan, kó sì dá ti èkejì sí. Bó ṣe ya sẹ́ẹ̀lì A sọ́tọ̀ kúrò lára B, èyí tí à ń pè ní béta, nìyẹn. Kí òǹkàwé ṣe sùúrù níbí, torí inú rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn wa ti jáde: kóró ni Lane fi dá sẹ́ẹ̀lì mọ̀. Aró tí Gomori ṣe ní 1941, kóró náà ló ń mú. Àwọn ańtíbọ́dì tí à ń lò lónìí, ínsúlínì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń ka sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ka kìkì ìsọ̀ tí ẹrù kún, kò tíì ka àwọn ọlọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká wo abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lórí gíláàsì. Erékùṣù náà, tó sábà máa ń fẹ̀ tó máíkírómítà 100 sí 200, dúró láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe omi tí ń da oúnjẹ. Ibi tí ańtíbọ́dì ti lẹ̀ mọ́ ínsúlínì pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Ti aláìsàn rí jálajàla, àwọ̀ kò dé ibòmíràn rárá. Kí ló wà níbi tí àwọ̀ kò dé? Bóyá sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti kú lóòótọ́. Bóyá ó wà láàyè, àmọ́ ṣúgà tí kò jẹ́ kó sinmi ti mú kó tú gbogbo ínsúlínì rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó sì lè ti pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, kó má ṣe ínsúlínì mọ́. Lójú aró, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Máíkírósíkópù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló lè là wọ́n dé ìwọ̀n àyè kan: kóró ínsúlínì máa ń ní àárín dúdú tí òrùka funfun yí ká, bí sẹ́ẹ̀lì bá sì ní díẹ̀ péré tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ojú á dá a mọ̀.

Akẹgbẹ́ wa gbára lé iṣẹ́ Butler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2003. Wọ́n yẹ páńkíríàsì àwọn òkú wò, wọ́n ní béta fi ìdá 63 nínú 100 dín lára àwọn alátọ̀gbẹ tó sanra, ó sì fi ìdá 41 dín lára àwọn tí kò sanra. Iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n rí àmì ikú sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, n kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n aró ínsúlínì ni wọ́n fi wọn béta wọ̀nyẹn. Nígbà tí Marselli àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Pisa fi máíkírósíkópù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo erékùṣù àwọn alátọ̀gbẹ ní 2014, àdánù tí wọ́n bá níbẹ̀ kò tó èyí tí aró ń pariwo. Ṣáájú wọn, ní 2012, Accili àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ní New York ti fi hàn lára eku pé béta lè pàdánù ìdánimọ̀ rẹ̀ láìkú. Eku kì í ṣe ènìyàn o: àárín erékùṣù ni béta tirẹ̀ kóra jọ sí, tiwa dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ẹgbẹ́ Butler náà sì ti fèsì pé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kéré jù lára ènìyàn láti dí gbogbo àlàfo náà. Èsì náà lágbára. Àmọ́ nínú ìwádìí DiRECT ní Bìrìtéènì, ìdá 46 nínú 100 àwọn tí a fi oúnjẹ dín ara wọn kù ni àtọ̀gbẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, láìlo oògùn rẹ̀. Bí béta wọn bá ti kú tán, ta ló padà sẹ́nu iṣẹ́?

Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ni ikú ti dájú. Gepts fi hàn ní 1965 bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàfárà ṣe ya bo erékùṣù àwọn ọ̀dọ́ tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìdánilójú ibẹ̀ yẹn ni akẹgbẹ́ wa gbé wá síbí, kò sì sọ fún wa pé òun gbé e.

N kò sọ pé béta kankan kì í kú nínú oríṣi kejì. Ohun tí mo lè sọ, pẹ̀lú ìṣọ́ra, ni pé ẹni tó bá fi aró nìkan ka òkú, ó ṣeé ṣe kó ka alààyè mọ́ wọn.

Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ibi iṣẹ́ tí mo fẹ́ dáwọ́ lé báyìí. Páńkíríàsì tí wọ́n kà nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí, ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù. Ní 2025, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí àtọ̀gbẹ fún àtọ̀gbẹ tí àìjẹunrekánú ń fà ní orúkọ tirẹ̀, oríṣi karùn-ún. Mo fẹ́ mọ bí erékùṣù irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe rí nílé wa níbí. Páńkíríàsì òkú kì í pẹ́ da ara rẹ̀, nítorí náà èyí tí oníṣẹ́ abẹ gé lára alààyè, tí a sì tọ́jú sínú ìda, ló wúlò jù. Ẹ̀yin onímọ̀ àyẹ̀wò àìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn wa, ẹ jọ̀ọ́, bí àyè ibi ìkẹ́rùsí bá fún yín, ẹ má da àwọn ìda àtijọ́ yẹn nù.