Ta Ló Fọwọ́ sí Ìwé Agbẹ̀bí?

Ní 1918 ni àwọn Faransé dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ agbẹ̀bí níbẹ̀. Àwọn ọmọ Dahomey tiwa náà lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà, wọn ò lè fi ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ́ wọn ni kò ka ìwé wọn sí. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí.

Lẹ́yìn òmìnira, ní 1968, àwọn orílẹ̀-èdè wa dá CAMES sílẹ̀, Ouagadougou ni ibùjókòó rẹ̀. Òun ló ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga wò: kí ni wọ́n ń kọ́, ta ló ń kọ́ wọn? Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: ìwé àṣẹ ìjọba dà? CAMES ńkọ́?