Ìdájọ́ Àtijọ́ àti Ẹni Tí Kóòtù Kò Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ kóòtù ya wọ àdúgbò Magodo ní Èkó, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ ID/795/88 sára ògiri ilé onílé. ID ni àmì ẹjọ́ ẹ̀ka Ìkẹjà ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó. Ọdún 1988 ni wọ́n pe ẹjọ́ náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló wó ilé àwọn onílé Ṣángíṣá, ibi tí Magodo wà báyìí. Àwọn onílé náà pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n jàre ní Ìkẹjà ní 31 oṣù Kejìlá 1993, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i ní 10 oṣù Kejì 2012. Ìjọba ni wọ́n bá ṣẹjọ́, ṣùgbọ́n ògiri ẹlòmíràn ni ọ̀dà kàn.

Abala 235 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ti ilẹ̀kùn kòtẹ́milọ́rùn pa lẹ́yìn Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Nígbà tí Emeka Ihedioha bẹ ilé ẹjọ́ náà ní 2020 pé kó tún ìdájọ́ tó yọ ọ́ nípò gómìnà Imo yẹ̀ wò, wọ́n dá a padà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jà tó sì jàre gbọ́dọ̀ rí ìsinmi, àwọn ará Ṣángíṣá ti dúró pẹ́ jù.

Ẹni tí wọn kò pè ńkọ́? A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òfin wa gbà pé a lè fagi lé ìdájọ́ tí kóòtù kò láṣẹ láti dá, tàbí èyí tí a dá láìfi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́. Ìdájọ́ tí a fi jìbìtì gbà ń fẹ́ ẹjọ́ tuntun, kí a sì la jìbìtì náà sílẹ̀ ní kíkún pẹ̀lú ẹ̀rí. Ariwo lásán kò tó.

Láti Ọ̀gbà dé Agége, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí le. Ẹni tó ra ilẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹni tó tà á fún un lẹ́jọ́, ìdájọ́ tí wọ́n dá lé ẹni náà lórí kò dè é. Ẹni tó rà á lẹ́yìn ìdájọ́ ti wọ bàtà ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ olùrà máa ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní Aláùsá, wọn kì í dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù Ìkẹjà. Mo rọ àwọn aláṣẹ ilé ẹjọ́ Èkó: ẹ to gbogbo ìdájọ́ ilẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ àdúgbò, kí olùrà lè kà á kó tó sanwó.